ÀDÚGBÒ KÌ Í KỌ́ ỌMỌ LÉDÈ, ILÉ NI

  Ọ̀rọ̀ òní á gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó kọjá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a lọ kí màmá kan nínú ìjọ wa tí ara wọn ò yá. Ibi tá a ti ń gbàdúrà lọ́wọ́ ni fóònù wọn ti dún. Ọmọ wọn ọkùnrin ló ń pè láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní kí màmá kí ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje. Màmá tí ò lè dìde láti àárọ̀, wọ́n dìde jókòó. Wọ́n pe ọmọ náà ní Àkànjí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un: á dàgbà, á ju bàbá ẹ̀ lọ, kò ní í rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ọmọ dákẹ́ lọ gbári. Nígbà tó yá, a gbọ́ ọ tó ń bi bàbá ẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni Grandma ń sọ. Bàbá fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé wọ́n ń gbàdúrà fún ọ ni. Ó parí síbẹ̀! Ìwúre tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, gbólóhùn kan ṣoṣo ló dé etí ẹni tí wọ́n ń wúre fún.

Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, màmá wò wá, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ̀jẹ̀ mi ni ọmọ yẹn, àmọ́ bí ìgbà tí mò ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ló rí." A ò rí èsì fọ̀. A dágbére, a jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò jáde lọ́kàn wa.

Ibi tọ́mọ náà ń gbé ló tún yà wá lẹ́nu jù. Peckham kọ́! Àdúgbò táwọn èèyàn ń pè ní Èkó Kékeré. Ní Rye Lane, ẹ máa rí iṣu, ata rodo àti aṣọ àǹkárá rà, ẹ ò sì ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó gbọ́ Yorùbá. Kò mọ síbẹ̀. Àwọn èèyàn wa wà ní Camberwell, ní Old Kent Road, ní Woolwich, ní Thamesmead, títí dé Barking àti Dagenham. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí láti University of Roehampton ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Southwark, ìjọba ìbílẹ̀ tí Peckham wà, wọ́n sì rí 240. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo o! Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ wọ̀nyẹn ló sì jẹ́ tàwọn ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ wá ń dàgbà láàárín gbogbo ìwọ̀nyí, kò gbọ́ ìwúre ìyá bàbá ẹ̀.

Ìjọba ibẹ̀ pàápàá máa ń ka èdè. Ọdún 2011 ni ètò ìkànìyàn England àti Wales kọ́kọ́ bi àwọn èèyàn pé èdè wo gan-an lèdè yín. Wọ́n tún bi wọ́n ní 2021. Ní 2011, tẹ́ ẹ bá kó èèyàn 100 jọ ní Lọ́ńdọ̀nù, bíi 22 nínú wọn ló dárúkọ èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n pín èsì yẹn sí àdúgbò-àdúgbò, débi pé ẹni tó bá fẹ́ lè yà á sórí máàpù: Bengali pọ̀ ní Tower Hamlets, Polish pọ̀ ní Ealing, àwọn onítamil wà ní East Ham, Yorùbá náà sì ní ibi tiẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o. Èdè kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn gbà. Ẹni tó ń sọ Yorùbá nílé, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níbi iṣẹ́, ọ̀kan ló máa kọ sílẹ̀. Torí náà, máàpù ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Ó lè sọ pé Yorùbá wà ní òpópónà yìí. Kò lè sọ bóyá bàbá ń sọ ọ́ sọ́mọ, àbí bàbá àti ìyá nìkan ló ń sọ ọ́ síra wọn nígbà tí wọn ò fẹ́ kí ọmọ gbọ́. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, Yorùbá ti di èdè gbèsè, èdè ìjà àti èdè àṣírí. Báwo lọmọ ṣe fẹ́ fẹ́ràn ẹ̀?

Kẹ́yin tẹ́ ẹ wà nílé tó máa bú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jẹ́ ká dé Ìbàdàn tó wà nítòsí wa. Ẹ mọ Sábó, lápá Mọ́kọ́lá. Lọ́dún 1916 ni wọ́n ti fún àwọn Hausa tó ń ta obì àti màlúù ní ibẹ̀ láti máa gbé. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ti lọ, ọmọ wọn ti lọ, ọmọ-ọmọ wọn ti di àgbà. Síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá dé Sábó lónìí, Hausa lẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọmọdé. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n á fi Yorùbá Ìbàdàn nájà fún yín, kò ní í há wọn lẹ́nu.

Ẹ wá wọ mọ́tò láti Sábó lọ sí Bódìjà, kò jìnnà. A ti dé ilé níbẹ̀ tí bàbá jẹ́ Yorùbá, tí ìyá jẹ́ Yorùbá, tí onílé àti alájọgbélé jẹ́ Yorùbá. Ẹ bá ọmọ wọn sọ Yorùbá, ìyá ẹ̀ ló máa wò lójú pé kó wá túmọ̀. A ò ní gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ohun tá a rí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Háà! Ọmọ Hausa kò sọ Hausa nù láàárín Yorùbá, ọmọ Yorùbá wá ń sọ Yorùbá nù láàárín Yorùbá.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Ní Sábó, èdè yẹn ni bàbá fi ń ṣòwò, òun ni àgbà fi ń parí ìjà, òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ lẹ́sìn. Ọmọ rí i pé oúnjẹ wà nínú ẹ̀, ọ̀wọ̀ wà nínú ẹ̀. Nílé tiwa, ọmọ rí i pé ọmọ ọ̀dọ̀ la fi ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tá a bá gbé sókè lòun náà máa gbé sókè.

Àwa tá a wà ní Ìbàràpá ńkọ́? Àwọn súkúù kan wà tó jẹ́ pé ọmọ tó bá sọ Yorùbá máa san owó ìtanràn. Ká má fi ọ̀rọ̀ pa mọ́, ìjọ tiwa náà jẹ̀bi. Ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, a yí ẹ̀kọ́ ìsinmi àwọn ọmọdé sí Gẹ̀ẹ́sì, torí a fẹ́ jọ ìjọ ìgboro. Olùkọ́ ò gbọ́ ọ tán, ọmọ ò gbọ́ ọ rárá. Wọ́n ń ka ẹsẹ Bíbélì bí ayékòótọ́. Àwa la ṣe é, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn.

Ẹ ka Nehemáyà orí 13. Ó dé Jerúsálẹ́mù, ó tẹ́tí sí àwọn ọmọdé, ó rí i pé ìdajì wọn ń sọ èdè Áṣídódù, wọn ò lè sọ èdè Júù. Inú bí i, ó lu àwọn bàbá wọn, ó fa irun wọn tu. A ò ní mú pàṣán Nehemáyà o, a ò sì bá ẹni tó fẹ́ ẹ̀yà mìíràn jà. Etí ẹ̀ la fẹ́. Ó fetí sílẹ̀ gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ọmọ. Ìgbà wo la ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn?

Àwa onípẹ́ńtíkọ́sì pàápàá, ẹ padà sí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kejì. Iṣẹ́ ìyanu ọjọ́ yẹn ni pé kálukú gbọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run ní èdè tí wọ́n bí i sí. Kò tọ́ kí àwa tá a ń fi èdè tuntun gbàdúrà sọ èdè tí wọ́n bí wa sí nù.

Ẹnì kan á ní, "Pásítọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń fúnni níṣẹ́." Òótọ́ ni, a ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ, wọn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọpọlọ ọmọ kì í ṣe agolo tó jẹ́ pé tí Yorùbá bá wọlé, Gẹ̀ẹ́sì á ṣàn dànù.

Ẹ má sì dúró de ìjọba. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Ohun tí mínísítà lè fi ọjọ́ kan yí padà, ẹ má fi ọmọ yín dúró dè é.

Nǹkan mẹ́ta la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, àdúrà alẹ́ nínú ilé, kó jẹ́ Yorùbá, kọ́mọ náà gbà á lẹ́nu ara ẹ̀, bó tiẹ̀ ṣì í sọ. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Èkejì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, tí màmá bá ń wúre lórí fóònù, ẹ má ké e kúrú. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ fọ́mọ, kẹ́ ẹ sì kọ́ ọ láti ṣe "àmín" níbi tó yẹ. Ẹ sọ oríkì ẹ̀ fún un. Ẹ̀kẹta wà lọ́rùn tiwa: láti Sọ́ńdè tó ń bọ̀, ẹ̀kọ́ ìsinmi àwọn ọmọdé ti padà sí Yorùbá. Ẹni tó bá ní ẹnu láti kọ́ wọn, kó wá rí wa.

A pe bàbá Àkànjí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Inú ò bí i. Ó ní òun rò pé àdúgbò á kọ́ ọ, nígbà tó ti jẹ́ Yorùbá ló pọ̀ ní àyíká àwọn. Arákùnrin, ẹ ṣé tẹ́ ẹ gbà ká sọ ọ́ síbí. Ọ̀pọ̀ wa ló rò bẹ́ẹ̀.

Olúwa ò ní jẹ́ ká di àlejò lójú ọmọ wa. Ìwúre ìyá wa kò ní ṣubú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà etí ọmọ wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Nílé tiyín, èdè wo lẹ fi jí ọmọ yín láàárọ̀ yìí? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀.