A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ẹ Ka Òfin Ìwakùsà fún Wa ní Yorùbá



Bí ìjọba bá ti ń sọ̀rọ̀ ìwakùsà, wọn a ní èyí tí kò ní ba ilẹ̀ jẹ́, tí yóò sì ṣe ọmọ àti ọmọ-ọmọ láǹfààní, ni àwọn ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Òfin ìwakùsà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 2006, Faransé ni. Ìwé àyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí omi àti oko, Faransé ni. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ wọn kò lè ka ìkankan níbẹ̀. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Láti àwọn ọdún 1970 ni Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ti jọ dá iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ní Onigbolo, ní kọ́múùnù Pobè. Òmíràn wà ní Massé, ní Adja-Ouèrè. Irú òkúta ẹfun kan náà ló gba abẹ́ ààlà dé Ìbẹ̀sẹ̀ àti Ewékorò. Òkúta kì í hù. Ilẹ̀ tó so àgbàdo lọ́dún yìí yóò tún so ó lẹ́ẹ̀míì. Ilẹ̀ tí a bá wa òkúta inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ó kórè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn fi gbọ́dọ̀ yé onílẹ̀ kí katakata tó dé. Bí wọ́n bá ti lọ tán, ihò ló kù.

Òfin Nàìjíríà ti 2007, ní abala 116, ní kí ẹni tó gba ìwé àṣẹ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. CEDEAO náà gbé àṣẹ jáde ní 2009 pé kí iléeṣẹ́ gba ìyọ̀ǹda àwọn ará ìlú, ìyọ̀ǹda ẹni tí ọ̀rọ̀ yé, tí ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe máa yé èèyàn ní èdè tí kò gbọ́?

Àwọn kan ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú nǹkan báyìí. Irọ́ ni. Nígbà ìdìbò, kò sí ìlérí tí wọn kì í rí Yorùbá sọ. Iye ọdún tí wọ́n fẹ́ fi wa ilẹ̀, iye owó tí wọ́n máa san, ẹni tí yóò dí ihò: èwo ló le níbẹ̀?

Ohun mẹ́ta là ń béèrè. Kí wọ́n ka ìwé náà sókè ní Yorùbá lọ́jà àti láàfin, kí ìbéèrè sì wáyé. Kí ẹ̀dà rẹ̀ ní Yorùbá wà ní mẹ́ẹ̀rì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i. Kí ìwé tí wọn kò bá kà fún onílẹ̀ má ṣe já mọ́ nǹkan kan, ìbáà ti tẹ ìka sí i. Àwa olùkọ́ tí a gbọ́ Faransé ti ṣe tán láti túmọ̀ rẹ̀.

Títí dìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá pé kí bàbá yín tẹ ìka, ẹ ní kó kọ́kọ́ kà á ní Yorùbá. Bí kò bá lè kà á, kó máa gbé e lọ.