Ìrora Kì í Ṣe Ìwà: Èsì fún Àwọn Tó Ń Pe Aláìsàn ní Òpùrọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn láti Owódé dé Ìlaròó àti Ayétòrò, tí ó sì ti ran àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ó yẹ kí ó yé wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá ń gbé lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lemọ́lemọ́, ìyẹn ibi tí ilé-ìwòsàn ti ń gba aláìsàn tí ọ̀ràn rẹ̀ kò lè dúró di ọjọ́ kejì, kò ṣàìsàn tó bí ó ti ń pariwo. Abẹ́rẹ́ ló ti mọ́ ọn lára. Bí òótọ́ kankan bá wà níbẹ̀, kò ju pé a rí ìwọ̀nba díẹ̀ tí oògùn ìrora ti di bárakú fún, ìtọ́jú ni àwọn yẹn náà sì nílò, kì í ṣe èébú.

Àwọn tí èébú yìí ń bá jù ni àwọn tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn àjogúnbá tí ọmọ máa ń ní nígbà tí bàbá àti ìyá bá jọ fún un ní àbùdá S, tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ sì di SS. Lọ́dún 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Nígbà tí ó di 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹmoglóbìn, èròjà tí ó ń gbé ọ́síjìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀, ni àléébù náà wà. Bí ọ́síjìn bá dín kù tàbí tí omi ara bá gbẹ, sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto yóò tẹ̀ bí dòjé, yóò gan, yóò sì dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín, tí egungun àti ẹran ara kò fi ní rí ọ́síjìn gbà mọ́. Ìrora tí ó ń tìdí rẹ̀ yọ ni wọ́n ń pè ní kíráísì. Ọyẹ́ lè fà á, ibà lè fà á, oòrùn ọjà lè fà á. Nítorí náà ẹni tí ó wá ní oṣù Bélú tí ó tún padà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kò ṣoríkunkun, àrùn rẹ̀ ni kò lọ.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lọ́dún 2008, tú àṣírí irọ́ yìí pátápátá. Àgbàlagbà 232 tí ó ní àrùn náà ń kọ bí ara ṣe rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ìrora wà ní ohun tí ó ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n gba ilé-ìwòsàn lọ kò tó 4 nínú 100. Ilé ni wọ́n ti ń fi eyín pọ eyín mọ́ ìyókù. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ olójú kòkòrò abẹ́rẹ́ lójú: ṣé bí olójú kòkòrò ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Owódé kò yàtọ̀. Bí egungun itan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọmọ ní òru, àwọn òbí yóò fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, wọn yóò fún un lómi mu, wọn yóò rọ omi gbígbóná sínú ike, wọn yóò fi aṣọ wé e, wọn yóò sì gbé e lé itan náà; ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá já sí asán ni wọ́n tó ń wá ọlọ́kadà. Bí wọ́n bá wá dé ilé-ìwòsàn tí ọmọ náà kò sunkún, tí ó ń tẹ fóònù, ẹni tí ó wọ aṣọ funfun yóò ní, “Ìwọ náà tún dé?” Àyẹ̀wò kan kò sí tí ó ń wọn ìrora, ẹni tí ó sì ti bá a gbé láti kékeré ti kọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ara ń ro ó. Ṣé dandan ni kí ó yí gbirigbiri nílẹ̀ kí àwọn ọ̀gá tó gbà?

Wọ́n tún ní àbíkú ni: àbíkú kì í hàn nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, SS ń hàn. Wọ́n ní kì í lo oògùn rẹ̀: folic acid tí ó wà fún ẹ̀jẹ̀ àti Paludrine tí ó wà fún ibà, tí ó ń lò lójoojúmọ́, kì í ṣe oògùn ìrora. Ní ti àwọn oní-ikọ́ fée, tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn kan náà kàn, kí àwọn tó ń bú wọn béèrè iye tí oògùn tí aláìsàn ń fà símú di lẹ́yìn tí GSK, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe oògùn, kéde lọ́dún 2023 pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe kò fara sin. Láti 1995 ni ìwádìí ti fi hàn pé oògùn hydroxyurea ń dín kíráísì kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì; òfin tí ó sọ ìbánigbófò ìlera di dandan ní Nàìjíríà ti wà láti 2022; kí ìjọba fi oògùn náà sí ìbánigbófò yìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò, kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan sì ní káàdì tí a kọ ìtọ́jú rẹ̀ sí. Ilé-ìwòsàn tí ó bá fẹ́ kí wọ́n yé wá lemọ́lemọ́, kí ó tọ́jú wọn kí ìrora tó dé. Èyí tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó sì fún wọn ní abẹ́rẹ́.