Ẹ Má Ṣílẹ̀kùn fún Gbogbo Ayé

 Ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Sábóngàrí, níbi tí mo ti máa ń ṣiṣẹ́ nígbà ìsinmi, kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń lo fódà kan ṣoṣo. Inú fódà yìí ni iṣẹ́ àṣekágbá ọ̀pọ̀ nínú wa wà. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń tẹ̀wé lè ka iṣẹ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n kò lè fi àtúnṣe rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀. "Access denied" ni kọ̀ǹpútà ń wí. Ọ̀gá ní kí a fún "Everyone" ní "Full Control", kí ọ̀rọ̀ tán. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ti gbé ilé oníyàrá púpọ̀ ní Sábóngàrí mọ̀ pé géètì lọ́tọ̀, ilẹ̀kùn yàrá lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Windows rí. Àṣẹ tí a fi pín fódà sórí nẹ́tíwọ̀kì ni géètì. Àṣẹ NTFS tó wà lára fódà náà ni ilẹ̀kùn yàrá. Èyí tó le jù nínú méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Bí yàrá tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, bí "Read" nìkan bá wà ní géètì, kíkà nìkan ni ẹni tó gba orí nẹ́tíwọ̀kì wọlé lè kà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ yẹ méjèèjì wò. Ẹ kó àwọn tó ń tẹ̀wé sí ẹgbẹ́ kan, kí ẹ fún ẹgbẹ́ náà ní "Change" ní géètì àti "Modify" ní yàrá. Kí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un jáde kúrò lórí kọ̀ǹpútà, kí ó tún wọlé, torí ìgbà ìwọlé ni Windows ń mọ ẹgbẹ́ tí ènìyàn wà. Ẹ wo "Deny" pẹ̀lú. Òun ló sábà máa ń borí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ewu inú "Everyone". Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, WannaCry ti fáìlì àwọn ènìyàn pa ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, ó sì ń béèrè owó. Àwọn ilé ìwòsàn kan ní Ẹ́ńgíláǹdì ní láti dá aláìsàn padà. Bí irú rẹ̀ bá wọ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, gbogbo fódà tí ẹni tó ń lò ó láṣẹ láti kọ nǹkan sí ló lè bà jẹ́.

Ẹni tó yẹ ni kí a fún láṣẹ, kí ó sì mọ níwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá yín ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún o.