Mùsùlùmí Inú Igbó Sherwood

Orúkọ Robin Hood kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí wọ́n ń wo tẹlifísàn. Òun ni olè inú igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, atamátàsé tí wọ́n ní ó ń gba tọwọ́ ọlọ́rọ̀ fún tálákà. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kò fura sí ni pé Mùsùlùmí tí ó máa ń wà láàrin àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ lórí tẹlifísàn kò sí nínú ìtàn àtijọ́ náà rárá.

Ó tọ́ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ ìtàn ọ̀hún bí àwọn tí ó ni ín ti sọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1377 ni ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń mẹ́nu ba orin Robin Hood, nígbà tí ó sì fi di nǹkan bí ọdún 1500, wọ́n ti tẹ èyí tí ó gùn jù nínú àwọn orin náà, A Gest of Robyn Hode, sínú ìwé. Robin inú orin náà kì í ṣe ọmọ ìjòyè. Edward ni orúkọ ọba ìgbà rẹ̀, kì í ṣe Richard. Kò sì sí ibi tí wọ́n ti ní ó lọ ja Ogun Àgbélébùú. Kìrìsìtẹ́nì paraku ni, ẹni tí ó máa ń gbọ́ máàsì mẹ́ta kí ó tó jẹun, tí kì í sì í fọwọ́ kan ẹgbẹ́ tí obìnrin bá wà nínú rẹ̀ nítorí ìfẹ́ tí ó ní sí Màríà. Síbẹ̀, olórí ilé ìsìn ni ó ń bá jà. Ọ̀gá ilé St Mary ní York fẹ́ gba ilẹ̀ ajagun kan tí ó jẹ ẹ́ ní 400 pọ́n-ùn, Robin sì yá onígbèsè náà ní owó ọ̀hún kí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ má baà lọ. Ẹni tí ó mọ ohun tí Ìsìláàmù wí nípa lílọ́ra fún onígbèsè tí nǹkan kò rọgbọ fún kò ní í ka ibẹ̀ kí ó má wọ̀ ọ́ lára.

Ọdún 1521 ni John Major, òpìtàn ará Scotland, fi Robin sí ayé Ọba Richard. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà Jerúsálẹ́mù ti ṣí fún àwọn tí ó tún ìtàn náà sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní 1984 ni Richard Carpenter gbé Robin of Sherwood jáde lórí tẹlifísàn ITV. Nasir tí ó wà nínú rẹ̀, tí Mark Ryan ṣe, ni Mùsùlùmí àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ náà. Wọn kò tilẹ̀ ní in lọ́kàn láti dá a sí. Kíkú ni kí ó kú níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí Hollywood ṣe Robin Hood: Prince of Thieves ní 1991, wọ́n fi Azeem sí i. Ní 2006, BBC náà mú Djaq wá, ọmọbìnrin Sàrásẹ́nì kan. Láàrin ọdún 22, ẹni tí ó yẹ kí ó ti kú ti di ará ilé.

Ṣé ó yẹ kí inú Mùsùlùmí dùn sí i? Ní apá kan, ó yẹ. Azeem béèrè ibi tí ìlà-oòrùn wà kí ó lè kírun, ó kọ ọtí, ó sì gba ẹ̀bí aboyún tí ọmọ kò fẹ́ wáyé. Nasir ni ó ṣòro láti gbà: apànìyàn tẹ́lẹ̀, ìránṣẹ́ oṣó, tí idà rẹ̀ jẹ́ méjì tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn tí ó sì bọ́ sí àárín wọn ń tẹ̀lé Herne, abàmì oníwo inú igbó tí kò sí nínú orin àtijọ́ kankan. Wọ́n yọ máàsì Robin kúrò, wọ́n fi òrìṣà rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tí ó ń wò ó yóò rò pé báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é látijọ́.

Ti Richard ni ó burú jù. Ó yẹ kí a yin Carpenter níhìn-ín, nítorí ó fi hàn pé ogun ni ọba náà ń lépa, kì í ṣe ire àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù 1991, ẹ̀yìn ìtàn ni Richard yọ bí ọba rere, Azeem sì wà níbẹ̀. Ọba yìí kan náà ni ó pàṣẹ ní Akka, ní oṣù Ògọ́sítì 1191, pé kí wọ́n pa àwọn Mùsùlùmí ìgbèkùn tí ó lé ní 2,000. Ní ọdún mẹ́rin ṣáájú, nígbà tí Salahudeen gba Jerúsálẹ́mù, ìràpadà ni ó gbà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ó sì dá ọ̀pọ̀ tí kò rí owó san sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìròyìn Akka kò pamọ́. Bahā'uddīn ibn Shaddād, adájọ́ tí ó wà nínú àgọ́ Salahudeen, kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, wọ́n sì ti túmọ̀ ìwé rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ilé-kéwú tí ó bá ti ka nahwu jìnnà díẹ̀ lè kà á fúnra rẹ̀.