Àṣírí Tí A Fi Ọwọ́ Ara Wa Tú

Kò sí ilé kan ní Ọ̀fà tí ilẹ̀ mọ́ tí a kò gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa. Mùsùlùmí ń ṣe àmín, onígbàgbọ́ ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀kọ òwúrọ̀ tó tutù, ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ìka ara wa tú àṣírí náà. Fóònù béèrè pé kí a jẹ́ kí òun wo nọ́mbà àwọn ojúlùmọ̀ wa, àwòrán wa, àti ibi tí a wà. A kò ka ọ̀rọ̀ náà, a tẹ̀ ẹ́ pé a gbà, a sì kọjá lọ. Ọ̀ràn yìí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin alákọ̀wé ìlú wa sọ ní oṣù yìí.

Bí a bá kìlọ̀, èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé, “N kò jalè, n kò pànìyàn, kí ni mo ní tí mo ń fi pamọ́?” Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò rántí pé àwọn nọ́mbà tí ó wà nínú fóònù rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ti lémọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, ti olóyè àdúgbò wà níbẹ̀. Wọ́n fi í sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni. Ta ni ó fún un láṣẹ kí ó fi í tọrẹ?

Àwọn kan ń yá ènìyàn lówó lórí fóònù, wọ́n ní àwọn kò gba ìdógò. Ìdógò wà: àwọn ojúlùmọ̀ wa ni. Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó yáwó a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, gbogbo ìlú a sì mọ̀. Ti òde òní ń fi ará àti ọ̀rẹ́ ṣe ìwọ̀fà láìsọ fún wọn. Ní oṣù August 2021, NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn 10 mílíọ̀nù náírà lé Soko Lending Company, nítorí pé ó ń ránṣẹ́ tí ń tú àṣírí onígbèsè sí àwọn tí nọ́mbà wọn wà nínú fóònù onígbèsè náà, àwọn tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa owó tí ó yá.

Ní oṣù June 2024 ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative kéde pé àwọn kan ń ta nọ́mbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, èyí tí a ń pè ní NIN, lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 100 náírà. Àjọ NIMC ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀ kò jò. Bí ó ti wù kí ó rí, ohun tí a kà sí yẹpẹrẹ, ẹlòmíràn ti ń ná an lọ́jà.

Ó yẹ kí Ọ̀fà mọ iyì àṣírí. Mọremí, tí ìtàn so mọ́ ìlú wa, kì í ṣe idà ni ó fi ṣẹ́gun àwọn tí ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú. Ó bá wọn gbé títí ó fi mọ̀ pé ìko ni wọ́n fi ń bora, pé ènìyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe iwin. Ìgbà tí ó gbé àṣírí náà délé, iná ògùṣọ̀ tó láti tú wọn ká.

Àwa kò sọ pé kí a ju fóònù sódò. Òun ni ọmọ tí ó wà lókèèrè fi ń kí ìyá rẹ̀. Òfin sì wà. Láti ọjọ́ 12 oṣù June 2023 ni òfin ààbò dátà ti fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀, láti gba àṣẹ tí ó ti fún un padà, àti láti gbé ẹjọ́ lọ bá Nigeria Data Protection Commission. Ṣùgbọ́n òfin kì í gbèjà ẹni tí kò ké sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé àdúgbò àti ọjà Owódé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń gba NIN lọ́wọ́ àwọn ìyá wa pẹ̀lú ìlérí owó ìrànwọ́, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó rán an àti ibi tí ó ń kó o lọ. Ẹ̀yin alákọ̀wé, ẹ jókòó ti àwọn òbí yín, kí ẹ bá wọn gba àṣẹ tí kò yẹ kúrò lórí fóònù wọn.

Ẹgbẹ́ wa pàápàá kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí, nítorí a ti máa ń tẹ nọ́mbà fóònù àwọn tí ó dáwó sínú ìwé yìí láìbi wọ́n. Láti oṣù yìí lọ, a kò ní tẹ nọ́mbà ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ rẹ̀. Ẹni tí ó ń bẹ Ọlọ́run kí ó bo àṣírí òun, kí ó má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ti aládùúgbò rẹ̀.