Ṣé Ara Wa Ló Lọ́ra Ni?

Nígbà tí a ń yẹ àwọn fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wò láìpẹ́ yìí, a rí ọ̀kan tí wọ́n kọ sí i pé owó náà wà fún àtikún ọjà. Nígbà tí a bi olówó fọ́ọ̀mù dáadáa, ó ní tíì kan ni òun fẹ́ rà, pẹ̀lú àwọn hóró oògùn tí yóò jẹ́ kí ara òun máa tètè jó oúnjẹ. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Akọ̀wé wa, ara mi lọ́ra ni o. Bí mo mu omi lásán, ńṣe ni mo ń sanra.” A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a kò fọwọ́ sí i. A mọ̀ pé inú rẹ̀ kò dùn sí wa, ìdí nìyí tí a fi ń kọ èyí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí èèyàn bá ti lé ní ogójì ọdún, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Àwa náà ti fi ṣe àwáwí rí. Ṣùgbọ́n ní 2021, Herman Pontzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn tó lé ní 6,400 láti orílẹ̀-èdè 29, látorí ìkókó títí dé arúgbó ẹni ọdún 95. Ohun tí wọ́n rí ni pé láti ọmọ 20 ọdún títí di 60, bákan náà ni ara ń jó oúnjẹ, bí a bá ti ro ti ìtóbi ara mọ́ ọn. Lẹ́yìn 60 ló ń rẹlẹ̀, kò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Ẹlòmíràn á ní ti òyìnbó nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Amy Luke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọn agbára tí àwọn obìnrin Igbó-Ọrà ń lò, wọ́n fi wé ti àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà. Àwọn ti Igbó-Ọrà wọn bíi kílò 58, àwọn ti Amẹ́ríkà bíi 83. Àwa ìbá búra pé làálàá ló jẹ́ kí ti Igbó-Ọrà fúyẹ́. Àṣé kò rí bẹ́ẹ̀! Kálórì tí wọ́n ń fi iṣẹ́ àti ìrìn jó lóòjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba: 800 ní Igbó-Ọrà, 760 ní Amẹ́ríkà. Oúnjẹ ni àwọn olùwádìí náà wá nàka sí.

Ẹ wá wo àwa ará Igbemo. Ìrẹsì wa lórúkọ káàkiri Èkìtì, síbẹ̀ àwa kan ń tà á tán, a sì ń fi èrè rẹ̀ ra mínírà àti bisikíìtì jẹ ní ìsọ̀. Ìgò mínírà ńlá kan lè ní ṣúgà bíi ṣíbí ìpotíì mẹ́wàá, kò sì sí ẹni tó ń kà á mọ́ oúnjẹ. Omi tí wọ́n ní ó ń mú wọn sanra nìyẹn! A kò ní kí ẹ fi iyán sílẹ̀ o. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì kó tún rí ẹni dìbò fún un nínú ẹgbẹ́? Ẹ dín òkèlè kù, ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i.

Ìyẹn kò ní kí á jókòó ti ọjà láti àárọ̀ di alẹ́, kí ọ̀kadà sì tún gbé wa dé ẹnu ọ̀nà. Ìrìn lè má tètè yọ ikùn, àmọ́ ó ń bá wa dín ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ọkọ́ díẹ̀ àti ẹrù gbígbé kì í jẹ́ kí iṣan tètè joro, iṣan sì wà lára ohun tó ń jó oúnjẹ. Kí á sì máa sùn tó.

Ní ti tíì wọ̀nyí, ewé sẹ́nà tí í ṣu èèyàn nígbẹ̀ẹ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Omi ara ló ń dínkù lórí ìwọ̀n, ọ̀rá wà níbẹ̀.

Ara tó lọ́ra lóòótọ́ wà o, a kò jiyàn. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà ní ọrùn, òun ló ń wú di gẹ̀gẹ̀ fún ẹlòmíràn. Bí kò bá ṣiṣẹ́ tó, òtútù á máa mú èèyàn nígbà tí ara àwọn yòókù ń gbóná, ìgbẹ́ á máa le, àárẹ̀ kò ní lọ, ara á sì máa wúwo. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn, oògùn rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá rí irú èyí, kó lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó tàbí Ìdó. Bí owó kò bá tó, kó mú fọ́ọ̀mù wá. Àwa fúnra wa ni a ó gbé e síwájú ìgbìmọ̀.

Àbá wa fún ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni pé kí owó ẹgbẹ́ má ra mínírà mọ́. Kí á ra omi, ọsàn àti ẹ̀pà sísè, kí á sì bẹ nọ́ọ̀sì kan kó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo wa. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wá sọ ọ́ lójú ìpàdé. Akápò ti ní òun yóò bá wa fà á.