Ẹ Mú Ọwọ́ Yín Kúrò Lára Àwọn Ọmọ Wa

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ibùdókọ̀ kan ní Mushin. Bí ilé-ìwé bá ti ṣíwọ́ lọ́sàn-án, àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ á máa pariwo sí àwọn ọmọbìnrin: "Bèbí, ṣé kí n sìn ẹ́ délé?" Bí ọmọ kò bá dáhùn, èébú ló kàn. Àwọn mìíràn á tiẹ̀ fà á lápá. Ọmọ ọdún 13, ọmọ ọdún 14! Wọ́n ní eré lásán ni. Eré wo ni ọmọ ń sunkún délé lé lórí?

Èyí tó dùn mí jù ni ìbéèrè tí àwa àgbà máa ń bi àwọn ọmọ náà: "Kí lo wọ̀?" Èmi ni mo rán púpọ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù wọn. Mo mọ ibi tí mo ká etí rẹ̀ dé: ó bo orúnkún. Ẹ yé dá aṣọ lẹ́bi.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ ọdún 16, kì í gba iwájú ibùdókọ̀ náà mọ́. Ẹ̀yìn kánààlì ló ń gbà lọ sílé lálẹ́, níbi tí kò sí iná, tí kò sì sí èrò. Nítorí àtisá fún ẹnu àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, ó ń forí lé ibi tí ewu pọ̀ sí jù.

Kì í ṣe àdúgbò wa nìkan. Lóṣù Kejìlá ọdún 2018, obìnrin kan tó ń jẹ́ Damilola Marcus kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n wọ́de wọ ọjà Yaba nítorí àwọn ọlọ́jà tó ń fọwọ́ kan obìnrin lára. Àwọn kan bú wọn níbẹ̀. Síbẹ̀ òótọ́ ni àwọn obìnrin náà sọ, òfin Èkó náà sì wà lẹ́yìn wọn: ẹ̀wọ̀n ọdún 3 lè jẹ́ ti ẹni tó bá ń fi ìṣekúṣe yọ ẹlòmíràn lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kì í jókòó sí ibùdókọ̀ wa. Àwa la jókòó síbẹ̀. Nísinsìnyí, bí ẹnikẹ́ni bá fa ọmọ lọ́wọ́, èmi àti ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi máa ń dìde, a ó pè é lórúkọ lójú gbogbo èèyàn. A mọ̀ wọ́n, oníbàárà wa ni wọ́n. Ojú máa ń tì wọ́n, wọn a sì fi ọmọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin onílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé iná sẹ́yìn kánààlì. Ẹ̀yin alága oníkẹ̀kẹ́, ẹni tó bá fọwọ́ kan ọmọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbé èrò níbùdókọ̀ yín mọ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì, bí ilé-ìwé bá ṣíwọ́ lọ́la, ẹ gbójú sókè, kí ẹ sì la ẹnu yín.